Igi 12, 9 ló yakọ: kí la fẹ́ ṣe sí ìbẹ́pẹ yìí?

Oníbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà oko. Igi ìbẹ́pẹ 12 ló wà lẹ́yìnkùlé, hóró inú èso kan ṣoṣo tí a rà lọ́jà la fi gbìn wọ́n. Èso náà rí roboto, ó tóbi, ó sì dùn. Láti oṣù Kejì ni wọ́n ti ń yọ òdòdó. Mẹ́ta ti so. Mẹ́sàn-án tó kù, òdòdó tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń yọ, ó sì ń jábọ́ láìfi ọmọ sílẹ̀. Ẹnì kan ní hóró tó dúdú jù la gbìn. Òmíràn ní ká kan ìṣó mọ́ wọn lára. Ẹnì kẹta ní ká bẹ́ wọn lórí, wọ́n á di abo. Ta ni ká gbọ́ tirẹ̀? Ṣé hóró ni kò dáa ni, àbí ilẹ̀?

---

Olóko Ìwó

Kò sóhun tó ṣe hóró, kò sóhun tó ṣe ilẹ̀. Igi abo ló ń so ìbẹ́pẹ roboto. Abo kò lè dá hóró ní; àfòpiná ló ń gbé àtíkè òdòdó akọ wá bá a lálẹ́. Ọmọ tí abo àti akọ bá bí, ìdajì akọ, ìdajì abo ni.

Ìdajì yẹn ló ń tan àwọn èèyàn jẹ. Ẹ ju owó onírin kan sókè lẹ́ẹ̀mejìlá, kí ẹ wò ó bóyá ẹ̀ẹ̀mẹfà gééré ni ojú kan yóò yọ. Tí ọgbà 100 bá gbin igi 12, bíi 7 nínú wọn ni yóò rí akọ 9 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá jẹ́ igi 10 ni wọ́n gbìn, ọgbà bíi 17 nínú 100 ni yóò rí akọ 7 sókè. Kò ṣọ̀wọ́n. Ẹni tó rí abo mẹ́sàn-án kì í wá béèrè ohunkóhun níbí, ó ti wà nídìí ọ̀bẹ àti abọ́. Igi díẹ̀ ló ń fa gbogbo ariwo yìí. Lóko onígi 1,000, iye akọ kì í jìnnà sí 500.

---

Ìyá Ẹlẹ́so

Ìṣirò yín dáa, àmọ́ ẹjọ́ yìí ti bà jẹ́ kí wọ́n tó gbìn ín. Ọjọ́ tí wọ́n na ọwọ́ sí roboto lórí tábìlì ló ti bà jẹ́. Gígùn ni kí wọ́n mú! Ihò inú roboto tóbi, ẹran ara rẹ̀ sì tín-ín-rín. Gígùn ní ẹran, ó ń tò dáadáa sínú apẹ̀rẹ̀, òun ni oníbàárà sì máa ń kọ́kọ́ mú. Igi takọtabo ló ń so ó, òdòdó kan náà ní ti akọ àti ti abo nínú. Hóró rẹ̀ kì í bí akọ.

---

Ọmọ Nọ́sìrì

Ẹ má bínú mà, "kì í bí akọ" yẹn ni mi ò gbà tán. Ẹ jẹ́ ká tú u.

Àmì ìbí tí òbí ń fi sínú hóró, X àti Y ni wọ́n ń pè é, ló ń pín akọ àti abo. Abo ní X méjì. Akọ ní X kan àti Y kan. Takọtabo ní X kan àti Y tirẹ̀ tó yàtọ̀ díẹ̀, Yh ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí. Abo kò ní nǹkan kan láti fún ọmọ ju X lọ, nítorí náà ohun tó bá wà nínú àtíkè bàbá ló máa pinnu. Òfin kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé Y méjì kì í pàdé kí ọmọ yè. Inú hóró ló ti ń kú.

Ẹ wá wo ohun tó ń ti ibẹ̀ jáde. Tí abo bá gba àtíkè akọ, ìdajì akọ, ìdajì abo. Tí abo bá gba àtíkè takọtabo, ìdajì abo, ìdajì takọtabo, kò ní sí akọ kankan. Tí takọtabo bá gba àtíkè ara rẹ̀, nínú igi mẹ́ta tó bá hù, méjì yóò jẹ́ takọtabo, ọ̀kan yóò jẹ́ abo. Ibi tí ọ̀rọ̀ Ìyá ti yẹ̀ nìyí: tí takọtabo bá gba àtíkè akọ aládùúgbò, ìdá mẹ́ta lọ́gbọọgba ni, abo kan, akọ kan, takọtabo kan. Ẹni tó gbin gígùn tó sì rí akọ, òdòdó tó di èso yẹn ti gba àlejò.

Takọtabo sábà máa ń fi àtíkè ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ kí òdòdó tó là, nítorí náà gígùn ọjà ṣì sàn ju roboto ọjà lọ. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ ìdánilójú, ẹ bo òdòdó takọtabo kí àtíkè àlejò má bàa kàn án, hóró rẹ̀ ni kí ẹ gbìn.

---

Olóko Ìwó

Ẹ sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kí ó má jẹ́ ọ̀rọ̀ ìwé lásán.

---

Ọmọ Nọ́sìrì

Ó dáa. Ẹ wá igi takọtabo tó so dáadáa, tí kò ga púpọ̀, tí ewé rẹ̀ kò ní àmì àrùn. Ẹ mú òdòdó tó ti funfun, tó ti wú, ṣùgbọ́n tí kò tíì là. Ó ku ọjọ́ kan tàbí méjì kó là. Ẹ fi àpò bébà bò ó. Ẹ má fi ọ̀rá bò ó o, oòrùn yóò sè é nínú ibẹ̀. Ẹ rọra so ẹnu àpò náà, kí ó má gé ọrùn òdòdó. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, tí ewé òdòdó bá ti rẹ̀ dànù tí ọmọ sì ti ń wú, ẹ yọ àpò, kí ẹ so òwú aláwọ̀ mọ́ ọrùn rẹ̀ fún àmì. Ó lè tó oṣù márùn-ún sí mẹ́fà kó tó pọ́n. Ẹ jẹ́ kó pọ́n kọjá ìdajì lórí igi kí ẹ tó ká a.

Èso kan ní hóró ọgọ́rùn-ún mélòó kan nínú, ó tó ọgbà yín àti ti àwọn ará àdúgbò. Ẹ fọ awọ yọ̀rọ̀yọ̀rọ̀ tó bo hóró kúrò, ẹ fi yanrìn tàbí eérú ra á nínú ajọ̀ títí ara rẹ̀ yóò fi le. Awọ yẹn ń dí híhù lọ́wọ́. Ẹ sá a síbi tó ní òjìji, ẹ gbìn ín ní jíjìn sẹ̀ǹtímítà kan. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ló máa ń hù. Èyí tí kò bá hù, ẹ rántí òfin Y méjì: nínú irú hóró yìí, ìdá kan nínú mẹ́rin kò lè yè, kò sí ohun tí ẹ ṣe tì.

Ẹni tí kò lè ṣe wàhálà yẹn, kó ra hóró inú páálí bíi Red Lady tí wọ́n mú jáde ní Taiwan. Takọtabo àti abo ló wà nínú rẹ̀. Kí ẹ kàn rántí pé tí ẹ bá kó hóró inú èso rẹ̀ gbìn, dídùn àti ìrísí kò ní rí bí ti ìyá mọ́.

---

Baba Ọlọ́gbà

Gbogbo X àti Y yìí dára. Ṣùgbọ́n akọ tí wọ́n bẹ́ lórí ń so èso, ojú lásán la fi ń rí i. Kí ni ìwé sọ sí ìyẹn?

---

Olóko Ìwó

Baba, ẹ ò parọ́, akọ máa ń so nígbà mìíràn. Èso rẹ̀ ń rọ̀ dirodiro lórí ọ̀pá òdòdó gígùn bí ẹni so garawa mọ́ okùn kànga. Ìdí ni pé akọ kì í dúró lójú kan: ojú ọjọ́ lè mú kí òdòdó díẹ̀ lára rẹ̀ ní ilé èso. Ẹ bẹ́ ẹ, ẹ ò bẹ́ ẹ, ó lè ṣẹlẹ̀. Nígbà tó bá ṣẹlẹ̀ lára èyí tí wọ́n bẹ́, àdá ló gba oríyìn. Àwọn ọgọ́rùn-ún tí wọ́n bẹ́ tí wọn ò so, kò sẹ́ni tó kà wọ́n. Èso rẹ̀ kéré, kò sì pọ̀, àkókò míì kò ní sí rárá. Abo ni kì í yí padà, bí oòrùn ṣe wù kó mú.

Ìṣó ńkọ́? Ọgbẹ́ lásán ni. Ara ìbẹ́pẹ rọ̀, kò ní igi gidi nínú, ibi tí ìṣó bá wọ̀ ni ìjẹrà yóò gbà wọlé.

---

Ọmọ Nọ́sìrì

Ẹ jẹ́ kí n fi kún un, torí ìgbàgbọ́ yìí ní ibi tó ti wá. Igi kùkúńbà kan ṣoṣo máa ń ní òdòdó akọ àti ti abo lára. Ẹ lè fi èéfín tàbí oògùn kan bíi ethephon, tó ń tú afẹ́fẹ́ tó ń mú èso pọ́n jáde, ti kùkúńbà sí yíyọ òdòdó abo sí i. Nítorí pé méjèèjì wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Àwọn èèyàn wá gbé ọgbọ́n kùkúńbà lọ sídìí ìbẹ́pẹ, níbi tí igi kọ̀ọ̀kan ti gba tirẹ̀ láti inú hóró.

Ní ti hóró dúdú àti hóró funfun: funfun ni èyí tí kò gbó tàbí tí inú rẹ̀ ṣófo. Èyí tó léfòó nínú omi náà sábà máa ń ṣófo. Wọ́n ń sọ bí hóró ṣe gbó tó, wọn ò sọ ohun tó máa yà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn tó ń wo gbòǹgbò ọmọ igi pé èyí tó nà ṣánṣán ni akọ. Ohun kan ṣoṣo tó lè sọ ọ́ kí òdòdó tó yọ ni kí yàrá àyẹ̀wò fi ewé kékeré kan wo DNA rẹ̀. Ó wà, ó sì ṣeé gbára lé, àmọ́ owó igi 12 kò lè san owó rẹ̀.

---

Ìyá Ẹlẹ́so

Ẹ má bú akọ jù náà o. Ewé rẹ̀ kò yàtọ̀ nínú ìkòkò àgbo ibà, àwọn alágbo kan tiẹ̀ máa ń wá òdòdó rẹ̀ pàápàá. Ní Manado lọ́hùn-ún ní Indonesia, ọbẹ̀ ni wọ́n ń fi òdòdó akọ sè. Wọ́n máa ń sè é kí kíkorò rẹ̀ dín kù.

---

Olóko Ìwó

Ìyá ti gbé wa lọ sí ilé ìdáná. Níwọ̀n ìgbà tí a ti yà lọ́nà, ẹ jẹ́ ká mẹ́nu kan ugwu, torí ẹjọ́ kan náà ni àwọn tó ń gbìn ín ń rò. Akọ rẹ̀ wà, abo rẹ̀ wà. Abo nìkan ló ń so èso. Ẹni tó ń tà ewé nìkan lè má bìkítà púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ ta hóró sáré gbin ilẹ̀ ńlá, akọ wá kún ún. Hóró ugwu kì í gba gbígbẹ. Tó bá gbẹ, ó kú, kò ṣeé tọ́jú bí ti ìbẹ́pẹ. Ṣùgbọ́n ó ní àǹfààní kan tí ìbẹ́pẹ kò ní: ẹ lè gé okùn abo tó dáa, kí ẹ rì í mọ́lẹ̀, kó ta gbòǹgbò.

---

Baba Ọlọ́gbà

Igbó tí wọ́n ń mu náà ńkọ́? Èmi gbọ́ pé bẹ́ẹ̀ ló rí.

---

Ọmọ Nọ́sìrì

Bẹ́ẹ̀ ni, X àti Y náà ni, ìdajì sí ìdajì. Ní àwọn ìlú tí òfin ti fàyè gbà á, wọ́n ń fi omi tó ní fàdákà fín abo kí ó lè yọ àtíkè. Abo bàbá, abo ìyá, ọmọ gbogbo á jẹ́ abo. Ọgbọ́n "yan bàbá" kan náà ni, ọ̀nà ni ó yàtọ̀. Ní Nàìjíríà òfin kò gbà á, NDLEA kò sì ní bi yín bóyá akọ ni tàbí abo. Ẹ jẹ́ ká padà sídìí ìbẹ́pẹ.

---

Olóko Ìwó

Ohun tó yẹ kí oníbéèrè ti ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ni pé kó gbìn jù nínú ihò kọ̀ọ̀kan, kó wá dín in kù. Tí hóró bá jẹ́ ti abo àti akọ, ihò tó ní igi kan, 50 nínú 100 ni ewu pé akọ nìkan ni yóò wà níbẹ̀. Igi méjì, 25. Mẹ́ta, 12 àti ààbọ̀. Mẹ́rin, bíi 6. Márùn-ún, bíi 3. Mẹ́rin ló mọ níwọ̀n. Lẹ́yìn ìyẹn, ìyà tí wọ́n ń fi jẹ ara wọn pọ̀ ju èrè rẹ̀ lọ.

Tó bá jẹ́ hóró takọtabo tó fi àtíkè ara rẹ̀ ṣe é, mẹ́ta tó. Ewu pé roboto nìkan lẹ máa rí kò tó 4 nínú 100. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Hawaii nìyẹn pẹ̀lú Solo, irú tó dé ọ̀dọ̀ wọn láti Barbados ní 1911. Wọ́n á gbin mẹ́ta, wọ́n á dúró de òdòdó, wọ́n á dá takọtabo kan sí.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é: àlàfo mítà méjì àti ààbọ̀ láàárín ihò àti ihò. Ihò fífẹ̀ bíi sẹ̀ǹtímítà 50, ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà dáadáa ni kí ẹ pò mọ́ ilẹ̀ rẹ̀. Níbi tí omi bá ń dúró, orí ebè ni kí ẹ gbìn ín sí. Ọjọ́ méjì nínú omi ti tó láti pa gbòǹgbò rẹ̀. Ọ̀rá kọ̀ọ̀kan fún ọmọ igi kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ lò ní nọ́sìrì, torí tí ẹ bá hù mẹ́rin sínú ọ̀rá kan tí ẹ wá ń fa wọ́n ya, gbòǹgbò yóò já, ìbẹ́pẹ kò sì fẹ́ ìyẹn. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, nígbà tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ẹ tò wọ́n sínú ihò ní igun mẹ́ta tàbí mẹ́rin, sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30 láàárín wọn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú ni dídín kù. Àánú máa ń ṣe wọ́n. Wọ́n á fi abo méjì sílẹ̀ nínú ihò kan, méjèèjì á ga gbọ̀ngbọ̀nràn, wọ́n á so lókè fíofío níbi tí ọ̀pá kò dé. Kété tí òdòdó bá ti hàn ni kí ẹ dín in. Àdá ni kí ẹ fi gé e mọ́lẹ̀, ẹ má fà á tu, torí gbòǹgbò rẹ̀ ti lọ́ mọ́ ti èyí tí ẹ fẹ́ dá sí.

---

Ọmọ Nọ́sìrì

Ẹ má kánjú kà wọ́n náà. Akọ ló sábà máa ń kọ́kọ́ yọ òdòdó. Ẹni tó bá ka oko rẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ yóò rò pé akọ nìkan lòun gbìn.

Oníbéèrè, ìbéèrè kan ń jẹ mí lọ́kàn. Ẹ ní mẹ́sàn-án ń yọ òdòdó "tẹ́ẹ́rẹ́". Ṣé ọ̀pá òdòdó gbogbo wọn ló gùn?

---

Oníbéèrè

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wò ó tán. Méje, ọ̀pá wọn gùn, ó ju ìgbọ̀nwọ́ lọ, òdòdó wẹ́wẹ́ sì pọ̀ lórí rẹ̀. Méjì tó kù, òdòdó wọn lẹ̀ mọ́ ìdí ewé. Ọ̀pá wọn kò ju ìka ọwọ́ lọ. Òdòdó náà tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ń jábọ́.

---

Ọmọ Nọ́sìrì

Ẹ gbé àdá yẹn sílẹ̀! Méjì yẹn kì í ṣe akọ.

Ọ̀pá lẹ kọ́kọ́ máa wò, kí ẹ tó wo òdòdó. Akọ: ọ̀pá gígùn tó ń rọ̀, òdòdó wẹ́wẹ́ bí fèrè lọ́pọ̀lọpọ̀. Abo: ọ̀pá kúkúrú, òdòdó ńlá kan tàbí mélòó kan, ìdí rẹ̀ wú roboto, ẹnu rẹ̀ ṣọṣọrọ, ewé òdòdó rẹ̀ márààrún sì ya kúrò lára wọn títí dé ìdí. Takọtabo: ọ̀pá kúkúrú náà, ṣùgbọ́n òdòdó rẹ̀ gùn díẹ̀, ewé òdòdó lẹ̀ mọ́ra dé nǹkan bí ìdajì. Ẹ fi abẹ la èyí tí kò tíì là sí méjì lóòró. Tí abo bá ni, ẹ óò rí ilé èso roboto láìsí àpò àtíkè. Takọtabo á ní ilé èso tó gùn, àpò àtíkè 10 yóò sì yí i ká.

Ohun tó ń ṣe tiyín ni ooru. Láti oṣù Kejì sí oṣù Kẹrin tí oòrùn mú, tí omi kò sì tó, takọtabo máa ń pa ilé èso inú òdòdó rẹ̀ rẹ́, òdòdó náà á rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ti akọ, á sì jábọ́. Ọ̀pọ̀ takọtabo ni wọ́n ti gé lóṣù Kẹta nítorí èyí. Tí òjò bá dé, yóò padà so. Ẹ bomi rin ín, ẹ fi koríko gbígbẹ bo ìdí rẹ̀, kí koríko náà má kan ara igi.

---

Ìyá Ẹlẹ́so

Ẹ dúró ná. Roboto ni wọ́n gbìn. Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé abo pẹ̀lú akọ kò lè bí takọtabo.

---

Ọmọ Nọ́sìrì

Ẹ kú ojú inú mà. Èso kan lè ní ju baba kan lọ. Hóró kọ̀ọ̀kan gba àtíkè tirẹ̀, àfòpiná sì ti rìn yí ká àdúgbò kó tó dé ibẹ̀. Akọ kan wà nítòsí igi ìyá yẹn, takọtabo kan náà sì wà. Akọ méje, abo mẹ́ta, takọtabo méjì: igi márùn-ún tí yóò so nínú méjìlá. Nǹkan kò burú tó bí ẹ ṣe rò.

---

Oníbéèrè

Ẹ ṣé gan-an ni. Ká wá ṣe akọ méje yìí báwo?

---

Olóko Ìwó

Ẹ dá ọ̀kan sí. Akọ kan tó fún abo 10 sí 20, mẹ́ta péré lẹ sì ní. Bí akọ aládùúgbò bá wà nítòsí, ẹ lè gé méjèèje, torí takọtabo yín náà yóò máa yọ àtíkè. Ṣùgbọ́n ẹ má gé gbogbo rẹ̀ nísinsìnyí tí ooru ń da takọtabo láàmú, kí abo má lọ wà láìrí àtíkè gbà.

Ẹni tó bá mọ ọwọ́ iṣẹ́ yìí lè gé akọ kúrú dé orúnkún, kó jẹ́ kí ẹ̀ka wẹ́wẹ́ rú lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó wá lẹ ẹ̀ka takọtabo mọ́ ọ̀kan nínú wọn. Ó ń mú, àmọ́ kò rọrùn torí inú igi tó ti dàgbà ṣófo. Èmi ò ní gba ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ nímọ̀ràn pé kó ṣe é fún igi mẹ́fà. Ọmọ igi tuntun láti inú takọtabo tí ẹ fi bébà bò yóò yá ju ìyẹn lọ.

---

Baba Ọlọ́gbà

Èyí tí ẹ bá gé, ẹ gé e mọ́lẹ̀ pátápátá. Kùkùté tó bá ga á tún rú, òjò á sì rọ sínú ihò rẹ̀, ẹ̀fọn á sọ ọ́ di ilé. Tí ẹ bá fẹ́ gbin òmíràn dípò rẹ̀, ẹ sún ihò tuntun kúrò lójú ibẹ̀ ní ìwọ̀n mítà kan, kí gbòǹgbò tó ń jẹrà má bàa ran ọmọ igi.